Kò Tọ̀nà, Tún Un Kọ

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín láti ìbẹ̀rẹ̀: ẹ̀gbọ́n mi le. Mi ò ní ó burú o. Ó le ni, bíi iṣu tí wọ́n gbé kalẹ̀ kó tó jinná. Orúkọ rẹ̀ ni Nathaniel Adékúnlé, ṣùgbọ́n ní gbogbo Ìlógbò-Èkìtì, kò sẹ́ni tó ń pè é bẹ́ẹ̀. Tíṣà Alámì ni wọ́n ń pè é. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ló fi kọ́ àwọn ọmọ ní èdè Yorùbá, àmì orí ọ̀rọ̀ ló sì fi ṣe ẹ̀sìn kejì lẹ́yìn ti Áńgílíkà. Títí di òní tó ti fẹ̀yìn tì, báírò pupa kì í kúrò lápò rẹ̀.

Nígbà tó ń fẹ́ Victoria, ọmọ Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, ọmọbìnrin náà kọ lẹ́tà ìfẹ́ sí i. Ṣé ẹ mọ ohun tí ọkùnrin yìí ṣe? Ó fi báírò pupa tún un ṣe láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó wá kọ ọ́ sídìí rẹ̀ pé, "Kò tọ̀nà. Tún un kọ." Ó sì dá a padà! Victoria tún un kọ lóòótọ́. Ìfẹ́ ló ń pa á, kí ni kò bá ṣe?

Èmi Abigail ni àbúrò rẹ̀. Télọ̀ ni mí, aṣọ ilé-ìwé ni mo máa ń rán. Láti ìgbà tí ọkọ mi ti kú ni mo ti ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ ni ẹ̀rọ mi wà. Mo fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má bi mí ní ohun tí ojú mi ń rí. Nínú ilé rẹ̀, èèyàn ò gbọdọ̀ sọ ẹnu Èkìtì. Àwa tí ìyá wa ń pe ilé ní ulé, tó ń pe iṣu ní uṣu, tó ń pe iṣẹ́ ní uṣẹ́! Bí ọ̀kan bá ṣèèṣì já bọ́ lẹ́nu rẹ báyìí, Tíṣà á gbójú sókè: "Ilé, Abigail. Ilé." Nígbà tó yá, mo kọ́ bí a ṣe ń ṣọ́ ẹnu. Àfi tí inú bá bí mi. Tí inú bá ti bí mi, ahọ́n mi a padà sọ́dọ̀ ìyá mi, kò sí ohun tí mo lè ṣe sí i.

Victoria ní tirẹ̀ kò yí padà. Ẹnu Ẹ̀fọ̀n ni Ọlọ́run fún un, òun náà ló sì ń lò. Ṣùgbọ́n bí àlejò bá wà, Tíṣà á máa tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe lójú gbogbo èèyàn. Ó wá di pé bí àlejò bá ti ń wọlé, Victoria á rọra wọ ilé ìdáná lọ, á dákẹ́ síbẹ̀. Ó dùn mí. Mi ò sọ nǹkan kan. Pé mi ò sọ nǹkan kan, ìyẹn gan-an ló wá ń dùn mí báyìí.

Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí, Ayọ̀mikún, obìnrin. Bàbá rẹ̀ náà ló kọ́ ọ ní kíláàsì kẹrin. Lọ́jọ́ kan ó ní kí àwọn ọmọ kọ àròkọ nípa ibi tí wọ́n ń gbé. Ayọ̀mikún kọ ọ́ pé, "Ulé wa wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì." Ọmọ ọdún mẹ́jọ! Ohun tó ń gbọ́ lẹ́nu ìyá rẹ̀ ló kọ. Tíṣà pè é síwájú gbogbo kíláàsì, ó nà án lẹ́gba mẹ́fà ní àtẹ́lẹwọ́, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ó ń ṣègbè lẹ́yìn ọmọ rẹ̀. Ó wá kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀: "Kò tọ̀nà. Tún un kọ." Ó ní kó kọ "ilé" nígbà ọgọ́rùn-ún. Ọmọ náà kọ ọgọ́rùn-ún náà pé. Kò sunkún rárá. Èmi ni mo lọ sí ẹ̀yìnkùlé tí mo lọ sunkún.

Ayọ̀mikún dàgbà, ó lọ sí Ìbàdàn, ó ń fi kọ̀ǹpútà ṣe géèmù. Tíṣà ní ṣé iṣẹ́ nìyẹn. Wọ́n ń fà á lọ, wọ́n ń fà á bọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò tíì bàjẹ́. Ọjọ́ tí a sin Victoria ló bàjẹ́, ọdún méjì sẹ́yìn. Àwọn èèyàn ti lọ tán, àwa mẹ́ta ló kù nínú pálọ̀. Tíṣà mú ìwé ìsìn tí wọ́n tẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́, ó ń fi báírò pupa fi àmì sórí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Mo mọ̀ pé ìbànújẹ́ ni. Ọwọ́ rẹ̀ ló ń wá nǹkan tí yóò ṣe. Ṣùgbọ́n Ayọ̀mikún rí i, ó dìde.

"Bàbá, ẹ ò jẹ́ kí màmá mi sọ̀rọ̀ nínú ilé ara wọn títí wọ́n fi kú."

Tíṣà tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ ọmọ, ó ní, "Bí ilé yìí kò bá tẹ́ ọ lọ́rùn, má wá síbẹ̀ mọ́."

Ayọ̀mikún gbé báàgì rẹ̀, ó lọ. Láti ọjọ́ náà, èmi ló ń pè. Bàbá rẹ̀ á jókòó sítòsí, á ṣe bí ẹni tó ń ka ìwé, kò sì ní ṣí ojú ewé kankan títí a ó fi sọ̀rọ̀ tán.

Lọ́dún yìí, ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò, ó tún pè mí. Ó ní, "Àǹtí, mo ti ṣe géèmù kan parí. Ẹ bá mi sọ fún Bàbá kí wọ́n ṣe é."

Mo ní, "Bàbá wo? Tíṣà tí mo mọ̀ yìí?"

Ó ní, "Ohun tí mo fẹ́ bá wọn sọ wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn tó wà lópin rẹ̀. Bí wọ́n bá lè ṣí i, màá wá. Bí wọn ò bá lè ṣí i..." Kò parí rẹ̀. Èmi náà kò ní kó parí rẹ̀.

Jimoh tó ń tún fóònù ṣe ní oríta Àrámọ̀kọ ló bá wa gbé géèmù náà sórí fóònù fífẹ̀ kan. Mo wo nǹkan ọ̀hún, ẹ̀rín pa mí. Èèyàn inú rẹ̀ kò ní ju igun lọ, orí onígun mẹ́rin, ẹsẹ̀ onígun mẹ́rin, orin rẹ̀ ń dún tín-tín-tín bí ẹni ń fi ṣíbí lu agolo. Mo ní, "Jimoh, ṣé kò bàjẹ́ báyìí?"

Ó ní, "Màmá, tuntun ni o. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bíi ti àtijọ́ ni. Ó sì le bíi ti àtijọ́. Èmi gan-an ò tíì kọjá ewúrẹ́ kejì."

Òkè Méje ni orúkọ géèmù náà. Ọmọbìnrin kékeré kan tó gbé báàgì ìwé kọ́rùn ló ń ti ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé bọ̀. Òkè méje ló máa gùn, òkè gàgàrà bíi ti Ẹ̀fọ̀n. Ewúrẹ́ á kọ lù ú, òkúta á yí bọ̀ láti òkè, ọ̀kadà tí kò ní bíréèkì á já bọ́ láti orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ẹ̀mí mẹ́ta péré ló ní. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá tán, ìbáà jẹ́ pé ó ti dé òkè keje, ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé ló ń padà sí. Irú ìwà ìkà wo nìyẹn? Mo ní ọmọ Tíṣà ló ṣe é lóòótọ́, ẹ̀jẹ̀ kò parọ́.

Tíṣà ní eré ọmọdé ni. Ó ti fóònù náà sábẹ́ Bíbélì. Ọjọ́ mẹ́sàn-án kò fọwọ́ kàn án. Lọ́jọ́ kẹwàá, mo ń rán aṣọ lọ́wọ́, mo gbọ́ tín-tín-tín láti inú yàrá. Mo rọra gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ kó má baà mọ̀ pé mo gbọ́. Kò pẹ́ ni mo gbọ́ tó kígbe pé, "Mo kú!"

Yéè! Mo ju sísọ́ọ̀sì nù, mo sáré wọlé, ìdí mi gbá ilẹ̀kùn. Àgbàlagbà ọkùnrin, ẹni àádọ́rin ọdún ó lé mẹ́ta, ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, dígí wà lójú rẹ̀, ó di fóònù mú.

"Ewúrẹ́ ni," ló wí.

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Bùrọ̀dá, bí ẹ bá tún sọ ọ̀rọ̀ yẹn nínú ilé yìí, èmi náà á kó ẹrù mi. Ẹ máa ní ẹ ṣubú. Ẹ ṣubú, ó tó!"

Láti ìgbà náà, gbogbo àdúgbò ló ń gbọ́ ọ: "Mo tún ṣubú, Abigail!" Ó ń ṣubú láàárọ̀, ó ń ṣubú lọ́sàn-án. Ó ya ìwé kan sọ́tọ̀, ó ń kọ ibi tí ewúrẹ́ kọ̀ọ̀kan ti ń jáde sínú rẹ̀, ó sì ń fàlà sí i nídìí. Àwọn ìka tó fi ń di pàṣán mú kò mọ bí wọ́n ṣe ń tẹ nǹkan jẹ́jẹ́. Nígbà mìíràn inú á bí i, á ju fóònù sórí bẹ́ẹ̀dì, á ní òun ò ṣe mọ́. Kí n tó se ẹ̀wà tán, mo ti tún gbọ́ tín-tín-tín.

Òkè kẹta ló wá há a lọ́rùn. Ọkùnrin gíga kan dúró lójú ọ̀nà níbẹ̀, ó wọ dígí, pàṣán wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ọmọ náà bá fò ó, ó nà án. Bí ó bá sáré kọjá, ó nà án. Tíṣà lo ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lórí ọkùnrin yìí. Lọ́jọ́ kan mo gbé àga sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo ń wò ó.

Mo ní, "Bùrọ̀dá, ṣé ọmọ yìí ti kí wọn?"

"Kí ta ni?"

"Kí tíṣà yẹn. Ọmọbìnrin kì í kọjá lára àgbà láìkúnlẹ̀. Ẹ tẹ ìsàlẹ̀ kó kúnlẹ̀."

Ó tẹ ìsàlẹ̀. Ọmọ kékeré onígun mẹ́rin náà kúnlẹ̀. Ọkùnrin gíga náà sọ pàṣán kalẹ̀, ó yà kúrò lójú ọ̀nà. Ayọ̀ ọ̀hún pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí mo pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n Tíṣà kò rìn lọ. Ó gbé fóònù náà sún mọ́ ojú.

"Abigail, ṣé èmi nìyí?"

Kí ni mo fẹ́ sọ? Mo ní, "Dígí yín ni."

Ó wò ó títí. Ó ní, "Ó mà ga o. Ṣé bí mo ṣe ga tó lójú ọmọ náà nìyẹn?" Ohùn rẹ̀ kéré. Ọjọ́ náà, kò ṣe é mọ́.

Ẹ wá gbọ́. Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni Jimoh wá sílé wa, tó ń ka ohun tí àwọn èèyàn kọ sórí ẹ̀rọ ayélujára nípa géèmù náà fún wa. Ẹnì kan ní Èkó kọ ọ́ pé òun ti dé ẹnu ilẹ̀kùn òkè keje nígbà mẹ́wàá, kò ṣí, pé inú ẹni tó ṣe géèmù yìí kò dára, pé ìyá rẹ̀ kò tọ́ ọ. Tíṣà gba fóònù lọ́wọ́ Jimoh.

"Kí ló ń bú ọmọ mi fún? Ìyá ọmọ mi tọ́ ọ dáadáa! Wò ó, ẹni tó ń bú u gan-an kò fi àmì sí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo!"

Jimoh wò mí, mo wo Jimoh. Ọdún méjì ni mi ò ti gbọ́ "ọmọ mi" lẹ́nu ọkùnrin yẹn. Mo wọ yàrá lọ, mo ṣe bí ẹni tó ń wá òwú.

Ó di oṣù kẹta tó ti bẹ̀rẹ̀ géèmù náà kí Tíṣà tó gun òkè keje. Ilẹ̀kùn pupa kan ló wà lókè níbẹ̀, lára rẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí pé: "Níbo lò ń lọ?" Àyè wà lábẹ́ rẹ̀ láti tẹ ọ̀rọ̀ kan. Tíṣà rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní ìyẹn kò le. Ó tẹ "ilé", ó sì fi àmì sórí é rẹ̀ dáadáa.

Gbogbo ojú fóònù pọ́n wẹ̀ẹ̀. Lẹ́tà gàdàgbà jáde: KÒ TỌ̀NÀ. TÚN UN KỌ. Ọmọ náà yí gbirigbiri láti òkè keje títí dé ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé.

Àwa méjèèjì mọ ìwé tí ọ̀rọ̀ yẹn ti wá.

"Mo rò pé ó ti gbàgbé," Tíṣà wí.

Mo ní, "Bùrọ̀dá, ẹni tó ṣu lè gbàgbé. Ẹni tó kó o kì í gbàgbé."

Ó tún un gùn. Bó bá gùn ún lẹ́ẹ̀kan, á gba wákàtí kan, bí ewúrẹ́ bá gbà fún un. Ó tẹ "Ìlógbò". Kò tọ̀nà. Ó tẹ "Ẹ̀fọ̀n", torí ibẹ̀ ni ìyá ọmọ náà ti wá. Kò tọ̀nà. Ó tún tẹ "ilé", bóyá ìka rẹ̀ ló ṣìnà lákọ̀ọ́kọ́. Kò tọ̀nà. Lọ́jọ́ kan mo gbé omi wá fún un, mo rí ohun tó ń tẹ̀ láti ẹ̀yìn rẹ̀. "Ọ̀run" ló tẹ̀. Ojú fóònù pọ́n, ó sì da fóònù dé orí itan rẹ̀.

Ó ní, "Abigail, níbo ni ọmọ yìí ń lọ? Ibi yòówù tó ń lọ, mo fẹ́ kó gbà mí síbẹ̀."

Inú bí mi sí Ayọ̀mikún lọ́jọ́ náà. Mo pè é, mo ní, "Ó tó gẹ́ẹ́! Sọ ọ̀rọ̀ yẹn fún mi, kí n sọ fún bàbá rẹ. O ti jẹ wọ́n níyà tó."

Ó ní, "Àǹtí, wọ́n mọ̀ ọ́n. Kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n jù wọ́n lọ. Kì í ṣe ìyà ni mo fi ń jẹ wọ́n. Mo kàn fẹ́ kó jẹ́ pé ọwọ́ wọn ló kọ ọ́."

Ẹ lè máa fi mí rẹ́rìn-ín pé kò yé mi. Ẹ̀yin tí wọn kò tún ọ̀rọ̀ ṣe fún lójoojúmọ́ rí ni yóò tètè yé. Lójú tiwa, ẹnu ni irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ń gbé, a kì í kọ ọ́ sílẹ̀.

Ó wá di ìgbà iṣu tuntun. Èmi àti Tíṣà lọ wa díẹ̀ ní oko wa lọ́nà Àrámọ̀kọ. Kí n má purọ́, èmi ni mo ń wa iṣu. Tíṣà jókòó sínú ahéré, fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti dé òkè karùn-ún. Mo wa mẹ́jọ, mo dì wọ́n. Mo gbójú sókè, ojú ọ̀run ti dúdú látọ̀dọ̀ Ẹ̀fọ̀n wá.

"Bùrọ̀dá, òjò ń bọ̀ o."

"Ó ku díẹ̀."

Atẹ́gùn dé, ó ń fa ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ya. "Bùrọ̀dá!"

"Mo ti wà lẹ́nu ilẹ̀kùn, Abigail, má pariwo."

Àrá sán. Gbogbo ẹ̀yìn mi ń dùn mí, ẹrẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ mi títí dé orúnkún, ọkùnrin yìí jókòó ó ń tẹ fóònù! Inú bí mi débi tí ojú mi ṣókùnkùn.

"Ẹ gbé nǹkan ọ̀hún sílẹ̀ jàre! Ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká máa lọ ulé!"

Kò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó ní, "Ilé, Abigail. Il..."

Ẹnu rẹ̀ dúró síbẹ̀.

Ó wò mí. Mi ò rí irú ojú yẹn lára rẹ̀ rí, àfi ọjọ́ tí wọ́n ní Victoria ti lọ. Ó yọ dígí rẹ̀, ó nù ún, ó tún un wọ̀. Ó gbé ìka sókè, ó tẹ "u". Ìka náà dúró lókè.

Ó ní, "Kò sí nínú ìwé kankan."

Mo jókòó tì í lórí ilẹ̀ pẹ̀lú ẹrẹ̀ mi. Mo ní, "Ẹnu ìyá wa ló wà, Bùrọ̀dá. Ẹnu ìyàwó yín ló wà."

Ó tẹ "l". Ó tẹ "é", ó fi àmì sí i. Tíṣà Alámì ni, kò lè ṣàìfi àmì sí i.

Ojú fóònù kò pọ́n. Ilẹ̀kùn náà ṣí. Tín-tín-tín dákẹ́. Ilé ìdáná kan ló wà nínú rẹ̀, ìkòkò wà lórí ààrò, obìnrin onígun mẹ́rin kan kọ ẹ̀yìn sí wa. Aṣọ àdìrẹ tó ró jọ ti Victoria. Ó yí padà, a sì gbọ́ ohùn, kì í ṣe ohùn ẹ̀rọ o, ohùn Victoria fúnra rẹ̀, èyí tó ti fi ránṣẹ́ sí ọmọ rẹ̀ lórí fóònù nígbà ayé rẹ̀, tó ń bá a sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ tó fi ké pe ọkọ rẹ̀:

"Tíṣà o! Tíṣà! Ẹ wá ulé o, uṣu ti jinná!"

Tíṣà dáhùn. Nínú ahéré, lójú òjò, bó ṣe máa ń dáhùn láti ogójì ọdún, ó ní, "Mo ń bọ̀, Victoria."

Lẹ́yìn náà ló wá mọ ohun tó sọ. Ó bú sẹ́kún. Mo di ẹ̀gbọ́n mi mú, èmi náà ń ké, òjò sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ lé wa lórí gba inú koríko ahéré. Kò sẹ́ni tó rántí iṣu mọ́.

Nígbà tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ díẹ̀, ó gba fóònù tèmi. Òun ló wá nọ́ńbà Ayọ̀mikún fúnra rẹ̀. Ó dún ẹ̀ẹ̀mẹta.

"Àǹtí?"

"Èmi ni."

Ọkùnrin tó fi gbogbo ayé rẹ̀ kọ́ni lọ́rọ̀ kò rí ọ̀rọ̀ sọ. Mo fi ìgbọ̀nwọ́ gún un.

Ó ní, "Ẹgba mẹ́fà yẹn... Ayọ̀mikún, ohun tí o kọ dára. Èmi ni mi ò tọ̀nà. Ìyá rẹ náà, mi ò tọ̀nà sí i. Mo ti dé ulé."

"Kí lẹ wí, Bàbá? Òjò ò jẹ́ kí n gbọ́."

Tíṣà dìde nínú ahéré, ó pariwo bí ẹni tó ń pe àwọn ọmọ jọ ní pápá ilé-ìwé, "Ulé! Mo ní mo ti dé ulé! Ùwọ ńkọ́?"

Mo gbọ́ Ayọ̀mikún láti ibi tí mo jókòó sí, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín.

Ó ní, "Ó tọ̀nà, Bàbá. Mo ń bọ̀."